Bí Ẹgbẹ́ Olórin bá Yí Ohùn Padà

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwọn olólùfẹ́ orin, yálà wọ́n pàdé ní gbọ̀ngàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì tàbí lábẹ́ àtíbàbà ìnáwó ní Òkèṣà ní Adó-Èkìtì. Ẹgbẹ́ olórin kan lè ti fi orin líle gba orúkọ: ìlù wọn yára, gìtá wọn ń ké bí ayùn, akọrin wọn ń lọgun. Nígbà tí ó bá yá, ẹgbẹ́ kan náà lè jọ̀wọ́ ariwo, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orin rírọ̀ tí ń gbé ọkàn lọ bí ọkàn ẹni tí ń lá àlá. Ẹnì kan á ní wọ́n ti dàgbà. Ẹlòmíràn á ní wọ́n ti ta ogún wọn. Ta ni ó gba ọ̀nà nínú àwọn méjèèjì?

Kì í ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ nìkan ni ìbéèrè yìí kàn. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga a máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn alágbàtà pé ohùn tí wọ́n ní kò tà, pé kí wọ́n tètè wá òmíràn. Olùkọ́ tí ń kọ́ni ní orin tàbí ní lítíréṣọ̀ Yorùbá náà nílò òṣùwọ̀n tí yóò fi wọn irú ìyípadà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, ohun tí ó wu olúkúlùkù ni yóò máa pè ní rere, ohun tí kò bá a lára mu ni yóò sì máa pè ní ìbàjẹ́. Nítorí náà, ó tọ́ kí á wo àwọn tí wọ́n ti yí ohùn wọn padà rí, kí á sì bèèrè ohun tí wọ́n jèrè àti ohun tí wọ́n pàdánù.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ibì kan tí irú ìyípadà yìí ti hàn gbangba. Ní 1976, orin kan gba ìgboro London, èyí tí wọ́n ń pè ní pọ́ǹkì. Ẹgbẹ́ Sex Pistols àti ẹgbẹ́ The Clash wà lára àwọn tí ó mú un lókìkí. Orin náà kúrú, ó yára, ó sì kún fún ìbínú àwọn ọ̀dọ́ tí kò rí iṣẹ́ ṣe, tí wọn kò sì ka ọ̀rọ̀ àgbà sí. Ẹni tí kò mọ gìtá dájúdájú pàápàá lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ọgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n ń wá, bí kò ṣe ìgboyà.

Ṣùgbọ́n ìbínú kì í jẹ́ oúnjẹ àjẹdàgbà. Kò pẹ́ tí àwọn kan nínú ọ̀dọ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ gìtá wọn. Àpẹẹrẹ kan ni ẹgbẹ́ My Bloody Valentine, tí a dá sílẹ̀ ní Dublin ní 1983. Orin pọ́ǹkì ni méjì nínú àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣe nígbà ọ̀dọ́ wọn. Nígbà tí ó fi máa di 1991, tí àwo wọn tí ń jẹ́ Loveless jáde, orin wọn ti di nǹkan mìíràn pátápátá. Ariwo gìtá kò kúrò níbẹ̀ o. Ìlò rẹ̀ ni ó yàtọ̀: wọ́n nà án, wọ́n fẹ̀ ẹ́, wọ́n tò ó lé ara wọn, títí ó fi dà bí ìkùukùu òwúrọ̀ tí ó bo orí òkè, ohùn akọrin sì rì sínú rẹ̀. Àwọn oníwèé-ìròyìn fi irú orin bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n pè é ní shoegaze, èyí tí ó túmọ̀ sí wíwo bàtà, nítorí pé orí títẹ̀ba ni àwọn onígìtá fi ń ṣeré: wọ́n ń wo àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà.

Ọmọ Áfíríkà kò ṣàì ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1986, Alex Ayuli, tí ìran rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, àti Rudy Tambala, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Màláwì, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní London, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní A.R. Kane. Àwo ńlá wọn àkọ́kọ́, tí ń jẹ́ 69, jáde ní 1988. Àwọn ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà, dream pop, èyí tí í ṣe orin àlá, júwe iṣẹ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ náà sì wọ ẹnu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lẹ́yìn wọn.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nìyí: ẹni tí ó rọ orin rẹ̀ kò fi dandan ju ohun èlò rẹ̀ nù. Gìtá kan náà tí ó fi ń jà ni ó fi ń lá àlá. Ṣùgbọ́n àwọn olórin wọ̀nyí san owó kan fún àlá wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn rì. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní láti tẹ́tí gidigidi, nígbà mìíràn kí ó má tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lè gba irú àdánù bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ṣé èdè Yorùbá náà lè gbà á?

Láti dáhùn, ó yẹ kí á padà wá sílé, kí á wo orin jùjú, nítorí pé ibẹ̀ ni ìyípadà tí ó jọ èyí jù lọ ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Túndé King ń ṣe jùjú ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, orin ìyẹ̀wù ni: gìtá tàbí báńjò kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, sámbà, àti ohùn ènìyàn díẹ̀. Àwọn tí ó jókòó sí yàrá kan náà ni ó wà fún. Ní 1948, Àkànbí Ege mú gángan wọ inú rẹ̀. Ní nǹkan bí 1949, Àyìndé Bákàrè so gìtá mọ́ iná mànàmáná. Láti ìgbà náà ni jùjú ti kúrò nínú yàrá, tí ó bọ́ sí agbo ńlá, tí ohùn rẹ̀ sì ń ga sí i. Ẹni tí ó bá sọ pé ariwo ni ìpìlẹ̀ jùjú kò tíì wádìí dé ìdí ọ̀rọ̀. Ìpẹ̀lẹ́ ni ó ṣáájú.

Ọmọ ìdílé ọba Oǹdó ni Sunny Adé, Òṣogbo ni a sì ti bí i ní 1946. Ó bá ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá ṣiṣẹ́ nígbà tí Ọláìyá ṣì ń kọrin, kí gbogbo ayé tó mọ̀ ọ́n sí Bàbá Sàlá aláwàdà. Ní 1967, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Green Spots, láti bọlá fún I.K. Dáíró, ẹni tí ó ni Blue Spots. Orin àwo kéékèèké ìgbà náà kò gùn, ó sì tètè ń gbé ẹsẹ̀ oníjó. Ní 1974, aáwọ̀ mú kí òun àti ilé-iṣẹ́ tí ń gbé àwo rẹ̀ jáde pínyà. Ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì di African Beats. Ní 1976, ó gbé àwo Synchro System Movement jáde, láti ìgbà náà ni a sì ti ń gbọ́ ohùn mìíràn gédégédé.

Báwo ni ohùn náà ṣe rí? Gìtá pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ń pariwo. Olúkúlùkù mú ọ̀rọ̀ kékeré kan dání, ó ń tún un sọ láìsinmi, ọ̀rọ̀ èkíní sì ń wọ àlàfo ti èkejì gẹ́gẹ́ bí òwú ìbú ti ń wọ òwú òró lórí òfì. Akọrin kò lọgun. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbèrò. Lórí gbogbo rẹ̀ ni gìtá kan wà tí a kò mọ̀ mọ́ jùjú tẹ́lẹ̀, èyí tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta. Gìtá náà a máa wà ní títẹ́ bí tábìlì. Irin ni a ń fà lórí okùn rẹ̀, a sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ àwọn ọ̀pá kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ni ó ń lò ó, wọ́n sì máa ń fi kọrin ìbànújẹ́.

Ènìyàn lè bèèrè ohun tí irú gìtá bẹ́ẹ̀ wá ṣe láàárín gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn wà nínú bí ó ti ń dún. Gìtá lásán a máa ti ìdún kan fò sí òmíràn, bí ẹni tí ń gun àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n gìtá onírin yìí a máa yọ́ láti ìdún kan dé èkejì láìsí àlàfo. Ohun tí gángan ń ṣe gan-an nìyẹn, nígbà tí onílù bá fún ọsán rẹ̀ lábẹ́ apá. Ohun tí ẹnu Yorùbá sì ń ṣe nìyẹn, nígbà tí ohùn bá ń ròkè tàbí tí ó ń rọlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀. Àjèjì ni gìtá náà nínú ìwé ìtàn, ṣùgbọ́n nínú etí, ọmọ ilé ni. Ìdí nìyí tí ìyípadà Sunny Adé kò fi dà bí aṣọ àyálò. Ohun tí èdè ti ń ṣe láti ayébáyé ni ó wá ohun èlò tuntun fún.

Ibí yìí ni ọ̀nà jùjú àti ọ̀nà shoegaze ti yapa. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń fi ìtumọ̀ hàn nínú èdè Yorùbá. Ọwọ́ yàtọ̀ sí ọ̀wọ̀, ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀wọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì yàtọ̀ sí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀. T. Ekúndayọ̀ Phillips, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ olórí onídùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Èkó, tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní 1953: orin tí kò bá tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ yóò ba ìtumọ̀ jẹ́. Bí akọrin Yorùbá bá jẹ́ kí gìtá bo ohùn òun mọ́lẹ̀, kì í ṣe ẹwà ọ̀rọ̀ nìkan ni ó sọnù. Ọ̀rọ̀ gan-an ni ó sọnù, oríkì olówó á di àdììtú, òwe á sì di ariwo. Nítorí náà, gbogbo ohun èlò lè rọ̀ nínú jùjú, wọ́n lè fẹ́ lẹ́lẹ́ bí atẹ́gùn, ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn àti ohùn gángan gbọ́dọ̀ wà lókè. Àlá tí a lè rọ́ fún ẹlòmíràn ni jùjú ń lá.

Etí ará Èkìtì tún ní ìdí tirẹ̀ láti gba irú orin bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ orin ti ṣàkíyèsí pé níbi tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ti máa ń pa ohùn pọ̀ ṣọ̀kan nígbà tí wọ́n bá ń gbè, àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà a máa pín ohùn: àwọn kan á mú ti òkè, àwọn kan á mú ti ìsàlẹ̀, méjèèjì á sì jọ máa rìn lọ bí ọmọ ìyá méjì lójú ọ̀nà oko. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ àwọn obìnrin tí ń gbe orin níbi ìnáwó ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìdó mọ̀ bí ohùn wọn ti ń kún tí kò sì ń pariwo. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni òbí I.K. Dáíró, Ọ̀fà ni a sì ti bí i ní 1930. Ó wà lára àwọn tí ó mú ohùn pípín yìí wọ inú jùjú pẹ̀lú orin ìjọ Aládùúrà. Ẹlẹ́múrè Ògúnyẹmí pẹ̀lú fi ẹ̀ka-èdè Èkìtì kọrin, ó sì fi hàn pé kò di dandan kí ènìyàn fi ohùn ilé rẹ̀ sílẹ̀ kí orúkọ rẹ̀ tó kọjá odi ìlú.

Ìdánwò tí ó le jù dé ní 1982. Bob Marley ti kú ní 1981, ilé-iṣẹ́ Island Records, tí ó ti gbé àwo Marley kárí ayé, sì ń wá olórin mìíràn. Wọ́n mú Sunny Adé. Ará Faransé kan, Martin Meissonnier, ni ó darí iṣẹ́ náà, Lomé ní ilẹ̀ Tógò sì ni wọ́n ti gba ohùn àwo àkọ́kọ́, Juju Music, sílẹ̀. Nílé, orin kan lè gba ojú àwo kan tán láìdánudúró. Nínú àwo yìí, wọ́n gé orin sí wẹ́wẹ́, olúkúlùkù ní àkọlé tirẹ̀. Wọ́n tún fi ẹ̀rọ kún un, kí ìlù àti gìtá lè máa dún padà láti ọ̀nà jíjìn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Jàmáíkà ti máa ń ṣe. Synchro System tẹ̀lé e ní 1983, a sì yàn án mọ́ àwọn tí ń dupò ẹ̀bùn Grammy. Aura jáde ní 1984. Stevie Wonder fọn hàmóníkà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ alùlù sì pọ̀ níbẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí Island àti Sunny Adé fi pínyà.

Àwọn kan ti fi ìpínyà yìí ṣe ẹ̀rí pé àṣìṣe ni gbogbo ìrìn-àjò náà. Ìdájọ́ wọn ti yá jù. Ní àwọn ọdún kan náà tí òkè òkun ń gbọ́ Juju Music, Sunny Adé kò dẹ́kun àtimáa gbé àwo jáde nílé fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orin gígùn tí a lè fi jó títí di ìdájí. Yorùbá ni ó fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ti ilé àti ti òkun. Nígbà tí ilẹ̀kùn kan tì, òmíràn ṣì wà ní ṣíṣí. Ní 1998 tí àwo rẹ̀ Odù jáde, wọ́n tún yàn án mọ́ àwọn tí ń dupò Grammy, àwọn orin àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá ni ó sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn alátakò: ìyípadà ti 1976, tí ó ti inú ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ wá, pẹ́ ju ìyípadà ti 1984 lọ, èyí tí ẹ̀rọ àti ọjà darí.

A lè fi ẹgbẹ́ BLO wé e. Berkely Jones, Laolu Akins àti Odumosu ni ó fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn ṣe orúkọ ẹgbẹ́ náà ní Èkó. Ní 1973, wọ́n gbé Chapter One jáde, àwo tí gìtá rẹ̀ le, tí ó sì jìn. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ tí wọ́n fi rọ ohùn wọn sí orin ijó tí ó gbòde nígbà náà. Orin náà dùn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ń ṣe irú rẹ̀ pọ̀ nílé àti lókè òkun, ohun tí ó jẹ́ ti BLO nìkan sì ṣòro láti rí nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà tú ká ní àwọn ọdún 1980. Síbẹ̀, ọgbọ́n kò ṣègbé. Ní 1989, Laolu Akins yìí kan náà ni ó darí gbígba ohùn àwo Ace ti Shina Peters sílẹ̀. Eré inú àwo náà yára púpọ̀, ìlù rẹ̀ sì sún mọ́ ti fújì, àwọn ọ̀dọ́ sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí jùjú ti ń rọra rìn, ó tún sáré. Èyí fi hàn pé rírọ̀ kì í ṣe òpin ìdàgbàsókè, bẹ́ẹ̀ ni líle kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan a máa lọ, èkejì a máa bọ̀.

Nínú gbogbo èyí, ìbéèrè mẹ́ta ni olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè mú lò bí òṣùwọ̀n. Èkíní: ta ni ó bèèrè ìyípadà náà? Ṣé etí olórin ni, tàbí àpò alágbàtà? Èkejì: ṣé ọ̀rọ̀ ṣì dé etí? Bí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ orin náà tí kò lè sọ ohun tí akọrin wí, ẹwà rẹ̀ kò pé. Ẹ̀kẹta: ṣé àwọn tí ó kọ́kọ́ fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà ṣì lè rí àyè wọn nínú orin tuntun, bí ó tilẹ̀ gba kí wọ́n kọ́ ijó mìíràn? Àgbà ti wí pé bí ìlù bá yí padà, ijó náà a yí padà. Wọn kò ní kí oníjó kúrò lágbo.

Kíláàsì kan lè fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe iṣẹ́ yìí. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ orin Túndé King kan, kí wọ́n gbọ́ ti Dáíró, kí wọ́n gbọ́ Synchro System Movement, kí wọ́n sì gbọ́ Aura. Kí wọ́n kọ iye ohun èlò tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kọ èyí tí ó wà lókè àti èyí tí ó rì, kí wọ́n sì ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ orin pẹ̀lú àmì ohùn. Ibi tí àmì ohùn bá ti ṣòro fún wọn láti fi sí i ni kí wọ́n ti béèrè bóyá akọrin ni ó rọra ju, tàbí ẹ̀rọ ni ó bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹni tí ó bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní tètè pe olórin tí ó yí padà ní ọ̀dàlẹ̀, kò sì ní tètè yìn ín. Yóò gbọ́ orin náà parí ná. Bí àwọn ọ̀dọ́ Adó-Èkìtì tí wọ́n gbé gìtá lónìí bá sì fẹ́ kí gìtá wọn lá àlá, kí wọ́n jẹ́ kí ó lá a. Ohun kan ṣoṣo ni èdè wọn ń bẹ̀ wọ́n: kí ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá nínú agbo ṣì lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí.